Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Òwe "Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ" kò mọ sí ọjọ́ ìkómọ nìkan. Ohun tó ń sọ ni pé àyè, ipò àti àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ohun tí orúkọ túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ "ọmọ" fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí láàrin Apapa àti Ajégúnlẹ̀ ní Èkó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọmọ bíbí. Odó ní ọmọ, ọlọ ní ọmọ, ẹgbẹ́ àti ogun náà ní tiwọn, kò sì sí èyí tó lóyún rí nínú wọn. Ìgboro Èkó kàn fẹ ẹ̀ lójú sí i ni.

Ní Apapa, níbi tí tírélà ti máa ń tò lọ bẹẹrẹbẹ dé ẹnu èbúté, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún tó ti bímọ mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kọ̀ndọ́. Ọmọ ìta ni ẹni tí awakọ̀ ń fún lówó kí ọ̀nà tó là. Ti ọmọ onílẹ̀ ló burú jù. Orúkọ iyì ni tẹ́lẹ̀, ti ọmọ ìdílé tó ni ilẹ̀. Lónìí, ẹni tó ń gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Ìyọnu wọn pọ̀ débi pé Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ààbò dúkìá nítorí wọn ní 2016.

Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ọmọ" ti rí ilẹ̀ tó dára. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Urhobo, Ẹ̀dó àti àwọn mìíràn ló jọ ń gbé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Urhobo àti Ẹ̀dó pẹ̀lú ń pe ọmọ ní ọmọ. Ó wá rọrùn fún un láti bọ́ sẹ́nu gbogbo ayé, ó sì di igbe. Agbábọ́ọ̀lù sọ góòlù nù: "Ọmọ!" Lánlọ́ọ̀dù fowó kún owó ilé: "Ọmọ!" Arẹwà kan kọjá: "Ọmọ!" Bí wọ́n bá gé e kúrú, ìyanu ni, bí wọ́n bá fà á gùn, ó ti sú ẹni náà nìyẹn. Kò sí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ń pè.

"Ọmọ gẹ́tò" ń fi kókó òwe náà hàn. Lẹ́nu ará òkèèrè, èébú ni. Lẹ́nu Daddy Showkey, olórin Ajégúnlẹ̀, gẹ́tò di ohun àmúyangàn, Funke Akindele sì fi Omo Ghetto sọ fíìmù rẹ̀ ní 2010. Ẹnu tó sọ ọ́ ni ilé tí a ó wò.

Etí tó gbọ́ ọ náà ṣe kókó. Yorùbá tó bá ní "ọmọ Íbò" lè rò pé kò yàtọ̀ sí "ọmọ Ìjẹ̀bú", ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ bí èébú. Ní àdúgbò tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàrin ẹ̀yà méjì, "Ìgbò" lásán ti tó.

Ó ku Omo tí kò ní àmì nísàlẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ tí orúkọ rẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì wá. Lever Brothers, tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tó sì wá di Unilever, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1923 gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, Apapa sì ni wọ́n ti ń se ọṣẹ nígbà náà. Bí ìyàwó bá tẹ "omo ti tan nile" ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, láìsí àmì, ọkọ ni yóò fi ọgbọ́n mọ̀ pé ọṣẹ ló tán, kì í ṣe ọmọ. Ní oṣù kẹta 2023, Unilever kéde pé òun kò ní ṣe Omo mọ́ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó bá béèrè Omo lọ́jà, ọṣẹ ìfọṣọ èyíkéyìí tó wà nílẹ̀ ni wọn yóò nà sí i.