Panteka Lè Ṣe Ajọ̀ Etíkun

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé a wà ní Nàràyí, à ń sọ̀rọ̀ òkun. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìdérí ìgò ti kún inú iyanrìn etíkun Èkó, ìgbálẹ̀ ò ká a. Ẹ̀rọ tí katakata máa ń fà láti ṣa á ò ju ajọ̀ bíríkìlà ńlá lọ: abẹ irin á họ iyanrìn sórí ajọ̀, ajọ̀ á máa gbọ̀n, iyanrìn á bọ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí á kù. Kí la tún fẹ́ rà lókè òkun níbẹ̀? Àwọn jórinjórin Panteka lè ṣe é, lówó pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni pé iyọ̀ òkun ń mú irin dípẹtà, iyanrìn tútù ò sì ṣeé jọ̀ (ẹni tó bá ti jọ̀ gàrí rí mọ̀). Kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ níbi tó bá gbẹ. Ta ló ní bùrọ̀dá ní Panteka? Kó bá wa béèrè iye tó máa gbà.