Ẹ Máa Sanwó fún Kóòṣì Àdúgbò

Bí ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ti pààyàn ní Ìkòròdú, ọlọ́pàá la kọ́kọ́ ń ké sí. Wọn a kó àwọn ọmọ tí wọ́n bá bá níta. Kó tó pẹ́, àwọn mìíràn a ti jókòó síbi tí wọ́n ti kó wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, kóòṣì àdúgbò ló yẹ ká máa náwó lé lórí.

Ẹ wo Tunde Onakoya, kóòṣì chess. Ìkòròdú ló dàgbà sí. Iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbà ní ilé ẹ̀kọ́ kan kí ọmọ lè rí ìwé kà. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ chess. Lọ́dún 2018, ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó gbé eré náà lọ bá àwọn ọmọ Májídùn àti Mákòókò, títí dé abẹ́ afárá Òṣòdì. Ẹni tó gbégbá orókè nínú ìdíje Òṣòdì lọ́dún 2021, kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì ọmọ ọdún 19 ni. Abẹ́ afárá ló ń sùn. Ní oṣù kẹrin 2024, Onakoya fi wákàtí 60 ta chess ní Times Square, New York, kó lè rówó rán irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níléèwé.

Òfin eré náà le: bí o bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò rẹ, òun náà lo gbọ́dọ̀ gbé, bó bá tilẹ̀ máa pa ọ́ lára. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti lu èèyàn kó tó sọ̀rọ̀ á jókòó síwájú pátákó, á káwọ́ mọ́yà, á rò ó dáadáa kó tó nawọ́. Mi ò mọ ìwàásù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan á ní bọ́ọ̀lù wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà lóòótọ́. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ikorodu City bọ́ sí líìgì àgbà orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2024, àmọ́ Oníkàn ni wọ́n ti ń gbàlejò, kì í ṣe Ìkòròdú. Síbẹ̀, pápá nìkan kọ́ ni ìṣòro. Kóòṣì tí kò gba kọ́bọ̀, ìrètí pé òun á ta ọmọ kan sókè òkun ló ń bá a lò. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ló ń rí ojú rere rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ń wá, ìta ló ń padà sí. Ta ló máa lọ kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ bí kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta?

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ fi owó oṣù kóòṣì sínú ìṣúná ọdọọdún. Ẹ dẹ́kun àtimáa pín jẹ́sì tó ní orúkọ olóṣèlú lẹ́yìn nígbà ìdìbò. Ẹ ṣí pápá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí àkókò eré bá ti iṣẹ́ mu: ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹja ní Olúwo, Ẹ̀pẹ́, àti èyí tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kò lè fi ọjà tàbí ọ̀gá sílẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá kóòṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má béèrè ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé orúkọ, kẹ́ ẹ wo iye ọmọ ọdún tó kọjá tó ṣì ń wá.