Ta Ló Gbé Onígbáméjì Dé Hàítì?

Ẹni tó bá ti jókòó ti apàlọ́ rí mọ̀ pé kì í kọ́kọ́ sọ ìdáhùn àlọ́ àpamọ̀. Á jẹ́ kí ọmọdé wá a, kí ó ṣì í, kí ó tún un wá. Ní ọdún 1969, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì McMaster ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn dókítà ọ̀la bẹ́ẹ̀: wọ́n á gbé ìṣòro aláìsàn kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, àwọn yẹn á sì fúnra wọn wá ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ láti yanjú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ti tàn káyé. Ó wù wá kí a máa fi kọ́ni bí a ti ń ka ADN kòkòrò àrùn pẹ̀lú, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń há sórí láìmọ ohun tí wọ́n há. Bí a bá ní kí a pa àlọ́ àkọ́kọ́, ti Hàítì ni a ó mú.

Hàítì kì í ṣe àjèjì sí wa. Títí dòní, nínú ẹ̀sìn Vodou wọn, ìdílé òrìṣà kan ń jẹ́ Nàgó, Ògún sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá, onígbáméjì, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní choléra, bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ó tó lọ, ó mú ènìyàn tó ju 800,000 lọ, ó sì pa nǹkan bí 10,000. Níbo ló ti wá?

Àwọn onímọ̀ kan ní inú òkun ni, nítorí kòkòrò náà lè gbé nínú omi etíkun, pàápàá bí omi bá gbóná. Àwọn ará Mirebalais ń nàka sí ibùdó àwọn ọmọ-ogun ONU tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nepal dé, níbi tí ẹ̀gbin ti ń ṣàn wọ odò kékeré kan tó ń lọ sínú odò Artibonite. Renaud Piarroux, dókítà ọmọ Faransé, lọ síbẹ̀. Ó béèrè abúlé tí àìsàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé ibòmíràn, ó sì yà á sórí àwòrán ilẹ̀. Àìsàn náà bá odò sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùdó yẹn.

Ní ọdún 2011 ni ADN wá sọ tirẹ̀. Kòkòrò náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 lẹ́tà, A, C, G àti T nìkan. Nígbà tó bá ń bí sí i, ó máa ń da lẹ́tà wọ̀nyí kọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó a ṣì í kọ, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì jogún àṣìkọ náà. Èyí tí àṣìkọ wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu kò tíì pẹ́ tí wọ́n pínyà. Àwọn olùwádìí gbé kòkòrò 24 láti Nepal kalẹ̀ pẹ̀lú ti Hàítì. Mẹ́ta láti Nepal àti mẹ́ta láti Hàítì fi lẹ́tà kan tàbí méjì péré yàtọ̀. Ẹyọ kan tàbí méjì!

Ibí yìí ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́ díẹ̀, kí ó sì béèrè: ṣé ọ̀rọ̀ ti parí? Akẹ́kọ̀ọ́ á fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí igi ìran tí kọ̀ǹpútà yà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ìbátan ni lẹ́tà fi hàn. Kò sọ ẹni tó gbé e wá, kò sì sọ ọ̀nà tó gbà. Ìgbà tí a tò ó mọ́ iṣẹ́ Piarroux àti ọjọ́ tí àwọn ọmọ-ogun dé ni ẹjọ́ tó dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà ONU, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Hàítì. Ọdún mẹ́fà ti kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìṣègùn, ìbéèrè tiwa rèé: ká ní ẹ wà ní Mirebalais ní oṣù kẹwàá yẹn, tí kò sí ẹ̀rọ tí ń ka ADN nítòsí, ta ni ẹ ó kọ́kọ́ bi léèrè?