Ẹ̀rọ Kò Mọ Ọmọ Ta Ni Ẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo dúró sí iwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀, mo ń pariwo pé òyìnbó tún ti dé, pé wọ́n kórìíra èdè Yorùbá, pé wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dá sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn aládùúgbò gbè mí lẹ́sẹ̀, a jọ bú wọn dáadáa. Kí ló sì fa gbogbo ariwo yìí? Ẹ̀rọ kan ló kọ iṣẹ́ mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó ní àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní open source, tí ẹni tó ṣe wọ́n kò ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn: gbogbo ayé ló lè ka kóòdù wọn, gbogbo ayé ló sì lè mú àtúnṣe wá. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń ṣírò ọjà, ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní Yorùbá.

"Ańkù, ẹ̀yin lẹ mọ Yorùbá kọ. Ẹ bá wa túmọ̀ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Orí mi wú. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn láti bí ogún ọdún! Mo túmọ̀ ogójì gbólóhùn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọmọ náà sì fi wọ́n ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí àmì pupa fi yọ. Ẹ̀rọ ní òun ò gbà.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ tó rò. Èkíní, ó ní mo ti yọ àmì kan sọnù nínú gbólóhùn mẹ́ta. Lóòótọ́ ni. Mo rí %s láàárín ọ̀rọ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo bá gbá a dànù. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà yóò fi orúkọ oníbàárà sí. Ká ní wọ́n gba iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani ì bá ṣí fóònù rẹ̀, kó rí i pé ẹnì kan jẹ òun ní gbèsè, kó má sì rí orúkọ ẹni náà.

Èkejì, ó ní oríṣi ẹ méjì ni mo lò. Mo ti kọ ìdajì lórí fóònù, mo kọ ìdajì lórí kọ̀ǹpútà ọmọ náà. Ọ̀kan fún mi ní ẹ tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, èkejì fún mi ní e lásán, ó wá lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí ẹnì kan bá sì ń wá "ẹran", ìdajì ẹran náà kò ní jáde.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí. Ó ní orúkọ mi, tó yẹ kó wọ inú ìwé àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́, kò bá òfin mu. Láti A dé Z ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ, áḿbọ̀sìbọ́sí àmì ohùn. Èyí ni mo dì mú tí mo fi ń pariwo.

Ọmọ náà jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, "Ańkù, ṣé ẹ ka fáìlì tí wọ́n ń pè ní CONTRIBUTING ṣá?"

N kò kà á. Ojú ìwé méjì péré ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí á má fọwọ́ kan àmì tó bá ní %, pé irú lẹ́tà kan náà ni kí á lò jálẹ̀, pé kí á kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò náà lórí kọ̀ǹpútà ara wa kí á tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Nínú ẹjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ bá mi rò, méjì ti wà lákọsílẹ̀ kí n tó dé. Ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n ojú kò ti àwọn aládùúgbò mi. Títí di òní, wọ́n ṣì ń wí pé: iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kí ló wá kan òfin? Ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ó ṣí sílẹ̀, kí ni ẹ̀ṣọ́ ń wá níbẹ̀? Àwọn ni mo ń bá wí nínú ìwé yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọn kò bá ti kọ òfin sílẹ̀, ṣé òmìnira ló wà níbẹ̀? Ẹ jáde sí Òṣòdì kí ẹ wò ó. Ọmọ tó bá fẹ́ gbé àtẹ kalẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé báyìí ni owó, báyìí ni ààyè? "Lọ rí ọ̀gá" ni wọn yóò wí. Ọ̀gá ìdajì ọjọ́ ní tirẹ̀, ọ̀gá ìrọ̀lẹ́ ní tirẹ̀. Ẹni tó ní ènìyàn níwájú á wọlé, ẹni tí kò ní á máa ká ẹrù rẹ̀ kiri. Ibi tí kò bá sí òfin, ọ̀gá lòfin.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ilé ìwé ìròyìn tí mo ti kọ́ṣẹ́, olóòtú wa ní bírò pupa. Ìwé àna rẹ̀ á kọjá láìní àbàwọ́n, tèmi á padà wá bí ẹni pé wọ́n pa adìyẹ lé e lórí. Bí mo bá bi í léèrè ohun tí mo ṣe, yóò ní, "Tún un kọ." Ọdún méjì ni mo fi ń méfò. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé lórí ìlà kẹrìnlá, nǹkan báyìí ni ìwọ ṣì ṣe, mo ti ì bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe fún mi láàárín ìṣẹ́jú méjì nìyẹn. Kò mọ ọmọ ta ni mí, kò gba obì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa sọ fún ọmọ gómìnà.

Àwọn tó ń wí pé ìlànà jẹ́ ìwà òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí. Ní 1875, àwọn àgbà ìjọ pé jọ ní Èkó, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà níbẹ̀, wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní 1966, ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó lé e. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí, tó sọ "aiye" di "ayé", tó sọ "enia" di "ènìyàn". Lára pátákó ojú títì, "Oshodi" ṣì ni. Nínú ìwé Yorùbá, Òṣòdì ni. Ìlànà yẹn ló jẹ́ kí ará Ṣakí kọ̀wé kí ará Ìsọlọ̀ sì kà á láìkọsẹ̀. Kò pa èdè wa. Òun ló so ó ró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó wà nínú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ìwé ìlànà, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń yẹ iṣẹ́ wò, láti 2004 ni ẹni tó bá sì mú iṣẹ́ wá ti ń fi orúkọ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀, kó jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti mú un wá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

N kò sọ pé ẹ̀rọ tó o. Ní 2024, wọ́n rí ilẹ̀kùn olè nínú xz, irinṣẹ́ kékeré tí ń fún fáìlì pọ̀. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ló ri í mọ́bẹ̀. Ó ṣe ọmọ dáadáa títí wọ́n fi fi í jẹ olùtọ́jú. Ní 2023, òun kan náà ti lọ bẹ̀bẹ̀ níbòmíràn pé kí àyẹ̀wò kan gbójú kúrò lára apá kan iṣẹ́ náà. Ta ló wá mú un? Andres Freund ni, tó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà òun fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì tọpa rẹ̀. Ojú ènìyàn ló parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: olè gan-an ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín àyẹ̀wò kù.

Ẹjọ́ kẹta wá ń kọ́, ti orúkọ mi. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Ẹ lásán ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì ohùn kò ní. Àmì ọ̀tọ̀ ni yóò gùn ún lórí. Ẹni tó kọ òfin náà kò rò wá mọ́ ọn. Kí ni ká ṣe? Ariwo ni mo pa ní tèmi. Ọmọ náà kò pariwo. Òfin ẹ̀rọ náà wà ní gbangba bíi kóòdù yòókù, ó lọ ṣí i, ó tún un ṣe, ó fi orúkọ Yorùbá márùn-ún dán an wò, ó sì fi ránṣẹ́. Obìnrin kan láti ìlú òkèèrè bi í ní ìbéèrè méjì, ó dáhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbà á.

Ẹ fi èyí wé ilé iṣẹ́ kan tí mo lọ ní Èkó, níbi tí akọ̀wé ti sọ fún mi pé "Kọ̀ǹpútà wa ò gba dọ́ọ̀tì, sà." Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀ láìlẹ́sẹ̀. Kò sí ibi tí mo lè ká òfin náà, kò sí ẹni tí mo lè mú àtúnṣe lọ bá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni irú ètò wọ̀nyí, ẹ gbọ́ tiyín náà. Ẹ kọ ìlànà yín kúrú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bí a ó ṣe tún un ṣe, kó má kàn kọ "rárá" kó dákẹ́. Ẹ fi ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá àti ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ mi, ẹ wọlé. Ní Common Voice ti Mozilla, ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn kan kí wọ́n tó gbà á. Ṣé etí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá la fẹ́ fi gbọ́ ọ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo ka ojú ìwé méjì náà tán, mo dá %s padà sí ààyè rẹ̀, mo tún lẹ́tà mi kọ. Àmì ewé ló yọ. Orúkọ mi wà níbẹ̀ báyìí, tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀, tòun ti ohùn rẹ̀.