Ìgbọ́kọ̀ró Kọ́ ni Ìtọ́kọ̀sáàárín

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà fi ìwé kan ránṣẹ́ sí wa pé kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà iṣẹ́ ni ìwé náà. Ó ń sọ bí ènìyàn ṣe lè yan òpó méjì tí a ń dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò fi ń fa ọkọ̀ ojú omi, àti bí a ṣe ń dè wọ́n. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, wọ́n ti fi ẹja pípa ṣe iṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n sì mọ ìwé Yorùbá kà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọ́n ti lo ìwé náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó ti ìdí rẹ̀ yọ ni ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí.

'Ìgbọ́kọ̀ró' ni akẹ́kọ̀ọ́ wa pe òpó náà. Orúkọ yìí dùn ún gbọ́ létí. Ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ mu, ó sì ní ẹ̀gbọ́n tí ó ti wà nínú èdè tipẹ́, èyí tí í ṣe 'ìdákọ̀ró'. Bí ìdákọ̀ró ti jẹ́ ohun tí ó ń dá ọkọ̀ ró, bẹ́ẹ̀ ni ìgbọ́kọ̀ró yóò jẹ́ ohun tí ó ń gbé ọkọ̀ ró. Kò sí olùkọ́ gírámà tí yóò fagi lé e. Ṣùgbọ́n òpó tí a ń wí yìí kì í gbé ọkọ̀ ró rárá.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ọkọ̀ kékeré kì í fi í sílẹ̀ lójú omi. Ilé ni wọ́n ń gbé e sí. Bí wọ́n bá ń lọ pẹja, wọn a fi mọ́tò fà á lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi ìdagẹ̀rẹ́ oníkọnkéré tí ó wọ inú omi. Nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀, wọn a fi ẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́ náà wọ inú omi, wọn a sì tu ọkọ̀ gun orí rẹ̀. Pákó gígùn méjì tí a fi kápẹ́ẹ̀tì wé, tàbí rọ́là onírọ́bà, ni abẹ́ ọkọ̀ ń jókòó lé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ru ẹrù. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi ti bo pákó náà mọ́lẹ̀, atukọ̀ kò rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tí omi bá ń ṣàn, ìdí ọkọ̀ lè yà sápá kan kí ọkọ̀ sì gun kẹ̀kẹ́ ní wíwọ́. Nítorí èyí ni a ṣe ń de òpó kan sápá ọ̀tún, òpó kan sápá òsì, kí orí wọn yọ lókè omi. Àárín àwọn méjèèjì ni atukọ̀ yóò dojú ọkọ̀ kọ. Bí ọkọ̀ bá sì fẹ́ yà, òpó yóò tì í padà. Wọ́n tún wúlò fún awakọ̀: bí kẹ̀kẹ́ bá ṣófo, òpó méjèèjì yìí ni yóò máa rí nínú dígí bí ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn.

Bàbá Ìlàjẹ yìí ka 'ìgbọ́kọ̀ró', wọ́n sì ronú bí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ti í ronú: ohun tí yóò gbé nǹkan ró gbọ́dọ̀ fara kàn án. Wọ́n fún òpó méjèèjì mọ́ ìhà ọkọ̀ pinpin, wọ́n sì fi sípánà dè é le. Ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n ti ojú omi bọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sí àyè kankan tí ọkọ̀ lè fi yí ara padà. Òpó ọ̀tún tẹ̀, bóòtì yọ̀ lára irin kẹ̀kẹ́, ìhà ọkọ̀ sì bó lọ gbọọrọ. A dúpẹ́ pé ènìyàn kò fara pa. Nígbà tí ọmọ wọn pè wọ́n, èsì wọn kò gùn: 'Ìwọ ni o pè é ní ìgbọ́kọ̀ró. Mo ní kí ó gbé e.'

Àwa kò lè dá bàbá náà lẹ́bi. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, èyí tí ó jáde ní 1984, là wá lọ́nà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni a ti ń dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé akẹ́kọ̀ọ́, yóò béèrè, olùkọ́ yóò sì tún un sọ. Ẹni tí ó mú sípánà lọ́wọ́ kò ní olùkọ́ nítòsí, orúkọ tí a fún nǹkan nìkan ni ó ní. Èrò tiwa ni pé, nínú ìwé iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ tí ó bá gírámà mu tí kò bá iṣẹ́ mu burú ju ọ̀rọ̀ àyálò lásán lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò kò ṣèlérí ohunkóhun fún ẹni tí ó kà á.

Kí ni kí a wá pè é? Àwọn kan yóò dábàá 'amọ̀nà' tàbí 'atọ́nà'. Òótọ́ ni pé a- kò mọ sí ara ènìyàn nìkan, asẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀, ènìyàn ni amọ̀nà ní etí gbogbo wa, ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó sì ń ṣáájú. Òpó yìí kì í ṣáájú ẹnikẹ́ni. 'Ìtọ́kọ̀' ìbá dára, àmọ́ ó ti lọ́kọ: ohun tí a fi ń darí ọkọ̀ láti ìdí rẹ̀ ni àwọn tí ó ń ka Bíbélì mọ̀ ọ́n sí. Ohun tí àwa dábàá ni 'ìtọ́kọ̀sáàárín', ìyẹn ì, tọ́, ọkọ̀, sí àti àárín. Ẹni tí ó bá gbọ́ 'sáàárín' yóò mọ̀ pé ọgbọọgba ni ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ jẹ́. Kí a fi 'ìgbọ́kọ̀ró' sílẹ̀ fún pákó oníkápẹ́ẹ̀tì àti rọ́là, nítorí àwọn ni ó ni ín.

A mọ̀ pé wọn yóò ní ó gùn jù. Bóyá àwọn oníṣẹ́ yóò gé e kúrú sí 'òpó ìtọ́kọ̀' lẹ́nu, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀ bí ìwé bá ti kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀. Kìkì kí wọ́n má ṣe gé e sí 'òpó àárín', nítorí a ó bá òpó náà ní àárín kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan.

Àǹfààní mìíràn wà nínú orúkọ tí ó dá lórí iṣẹ́. Ìtọ́kọ̀sáàárín kì í ṣe òpó nìkan. Òmíràn jẹ́ pákó tí a fi kápẹ́ẹ̀tì wé tí ó lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tí ó dára níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti le. Òmíràn ní rọ́là lórí, òmíràn sì lè tẹ̀ díẹ̀ kí ó tún nà padà. Bí a bá ti ní orí ọ̀rọ̀ kan, a lè sọ pé olópòó, onípákó, onírọ́là. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohun tí a fi ṣe é: fún omi iyọ̀, irin tí a fi síńkì bò, tàbí alumíníọ̀mù, ni kí a yàn, kí a sì fi ọ̀pá ike bọ̀ ọ́ lára kí ó má baà ha ọkọ̀. Ẹni tí ó ń rà á kò gbọdọ̀ gbàgbé ojú títì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí ó bá fẹ̀ ju íǹṣì 102 lọ ń fẹ́ ìwé àṣẹ, apá òpó tí ó yọ síta sì wà nínú ìwọ̀n náà.

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó kù tí a bá akẹ́kọ̀ọ́ wa tún ṣe. Ó ti lo 'ọkọ̀' fún èyí tí ń fà àti èyí tí a gbé sórí kẹ̀kẹ́, a kò sì mọ èyí tí a ní kí awakọ̀ tì wọ inú omi. A ní kí ó máa pe ti orí ilẹ̀ ní 'mọ́tò'. Ó tún pe kẹ̀kẹ́ náà ní 'tírélà', ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ tírélà nílé, àgbá ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni yóò máa rò. A fi 'kẹ̀kẹ́ àfàtẹ̀lé' rọ́pò rẹ̀.

Ìwé tuntun ti tẹ bàbá náà lọ́wọ́. Ibi tí ó fa wàhálà ti kà báyìí: 'Gbé ọkọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ àfàtẹ̀lé ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí abẹ́ rẹ̀ jókòó dáadáa lórí ìgbọ́kọ̀ró méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni kí o tó de ìtọ́kọ̀sáàárín. Fi àlàfo íǹṣì kan sí méjì sílẹ̀ láàárín òun àti ìhà ọkọ̀, kí ti ọ̀tún àti ti òsì bá ara wọn dọ́gba.'