Oògùn Tí À Ń Fi sí Ìdí, Oògùn Ni

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò wọ ara ènìyàn. Nígbà tí inú bá ń rìn aláìsàn, tí ó ń bì lemọ́lemọ́, tí omi tútù pàápàá kò dúró sí i nínú, àwọn oníṣègùn a máa gba ìdí fi oògùn jíṣẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn níbẹ̀ a máa gbé e kiri ara. Ọgbọ́n rere ni. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé, láti Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ Aláàfin títí dé Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, púpọ̀ nínú wa ka oògùn yìí sí eré. A ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti gba ẹnu wọlé, kò lè ṣe ènìyàn ní ibi.

Ó lè ṣe é. Promethazine, oògùn èébì tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan, lè kun ọmọdé lóorun débi tí èémí rẹ̀ kò fi ní délẹ̀ mọ́, tí ó sì lè dákẹ́ pátápátá. Ìdí nìyí tí àwọn alábòójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fi kìlọ̀ ní 2004 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ lò ó. Ní 2013, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù ní kí a má ṣe fún ọmọ tí kò pé ọdún 1 ní metoclopramide, oògùn èébì mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó kọjá ọjọ́ 5, nítorí ó lè mú kí ọrùn gan, kí ojú yí sókè, tí àwọn ará ilé yóò sì máa sáré wá aláwo kiri, wọn á ní ayé ló ń ṣe ọmọ. Àgbàlagbà náà kò bọ́: domperidone, tí òun náà jẹ́ oògùn èébì, lè da lílù ọkàn rú lára ẹni tí ó ní àrùn ọkàn.

Ẹ wo ìyá kan ní ìsọ̀ rẹ̀: ó tú oògùn àgbàlagbà, ó fi abẹ gé e sí méjì, ó ní ìdajì tó ọmọ òun. Ta ló sọ fún un pé oògùn inú rẹ̀ pín dọ́gba? Ooru náà tún ń bà á jẹ́: ooru inú ara, tí í ṣe ìwọ̀n Celsius 37, ni wọ́n ṣe é kí ó yọ́ sí, abẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn kò sì jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ti yọ́ tí ó tún dì, ẹ má rà á.

Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ fọ ọwọ́, ẹ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀, ẹ fi omi tútù rin ín, kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí ẹ wá rọra tì í wọlé, kí ó sì sinmi díẹ̀ kí ó tó dìde. Ẹni tí ó lò ó kò gbọdọ̀ wa ọ̀kadà, kò sì gbọdọ̀ mu ọtí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ibà lè wà lẹ́yìn èébì, ìfun tí ó dí lè wà níbẹ̀. Bí a bá dá èébì dúró, a kò tíì wo àrùn. Gbígbẹ omi ara ló máa ń pa ọmọ tí ó ń bì tí ó sì ń ṣu, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pè ní ORS sì ni ìtọ́jú rẹ̀: ṣíbí kékeré kan, díẹ̀díẹ̀, bí ó bá pọ̀ ọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí èébì bá dà bí ewé tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ojú ọmọ bá jìn, bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ló kàn. Láti 1907 ni oníṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Ọ̀yọ́.

A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là ń rí. Ẹ̀yin oníkẹ́mísì wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ìlú yòókù wo ìṣe yín kọ́gbọ́n: ẹ béèrè ọjọ́ orí ọmọ, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ béèrè ìwé dókítà, èyí tí kò bá sì tíì pé ọdún 2, ẹ má ta oògùn èébì fún ìyá rẹ̀, ẹ fi ọ̀nà ilé ìwòsàn hàn án.