Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Kọ́ Ni Kẹ̀kẹ́: Ẹ Wo Férémù Kí Ẹ Tó Sanwó

 

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la gbé wá lónìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere la ń wí, èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, tí àwọn ọmọ wa ń gbé lọ sí Shere Hills ní ìparí ọ̀sẹ̀. Òkè yẹn ga ju 1,800 mítà lọ, òkúta ibẹ̀ ò sì mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ mẹ̀kúnnù. Inú wa dùn sí i pé wọ́n ń lọ. Ó sàn ju kí wọ́n dojú kọ fóònù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Owó ni kò tó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra férémù tòkunbọ̀ nìkan, tí wọ́n á wá tú táyà, ṣéènì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọn àtijọ́ sí i lára. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ọjà, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo irin tó gbé ṣọ́ọ̀kì náà ró.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹnì kan nínú wa ra ọ̀kan. Ọ̀dà ẹ̀ ń dán, owó ẹ̀ ò wọ́n. Kò pé oṣù méjì tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ níbi tí òpó àga ti pàdé igi òkè. Ọmọ náà ò fi pa mọ́, ó gbé e wá hàn wá nípàdé. Àwa àgbà la dáhùn pé, "Ṣé èyí náà ni? Gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà jàre." Wẹ́dà jó o pọ̀, ó kùn ún. Ní Sátidé kejì, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, férémù já sí méjì lábẹ́ ẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ kán. A dúpẹ́ pé kì í ṣe ọrùn.

A ò dá wẹ́dà lẹ́bi, a ò sì dá ọmọ lẹ́bi. Àwa la jẹ̀bi. Ojú Raleigh la fi wo kẹ̀kẹ́ yẹn. Àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò níbí mọ Raleigh dáadáa: irin gidi ni, bó bá já, wọ́n á jó o pọ̀, á sì tún máa ru ẹrù lọ. Alumíníọ̀mù ò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí wọ́n fi jó o máa ń sọ ẹ̀gbẹ́ ojú àpá náà di rírọ̀. Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n máa ń gbé odindi férémù sínú ààrò lẹ́yìn tí wọ́n bá jó o tán, kí agbára ẹ̀ lè padà. Ta ló ní ààrò bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa? Férémù alumíníọ̀mù tó bá ti sán, tàbí tí ẹ bá rí ojú wẹ́ẹ̀dì tuntun lára ẹ̀, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, ẹ kí Mallam, kí ẹ máa lọ.

Tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú akísà àti tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ nu eruku kúrò kí ẹ tó béèrè "Nawa ne?" rárá. Ìdí òpó àga, abẹ́ ọrùn níwájú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí pẹ́dà so mọ́: ẹ fi èékánná ha gbogbo ojú wẹ́ẹ̀dì. Ìlà tó bá ń kọ́ èékánná kì í ṣe ọ̀dà lásán. Ẹ wá di igi iwájú mú, kí ẹ mi apá ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, àwọn bíárìn oríkèé ẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe, torí bíárìn ní nọ́ńbà lára, ẹ lè fi wá òmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ihò tí bíárìn ń jókòó sí ló ti fẹ̀, kò sí oògùn ẹ̀ mọ́.

Ẹ fa òpó àga sókè, ẹ tì í wálẹ̀. Òjò ìlú òyìnbó àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín máa ń mú kó lẹ̀ mọ́ inú férémù pátápátá. Ẹni tó bá ní òun á fi òòlù yọ ọ́, ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Ẹ yí i dojú dé pẹ̀lú, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á dànù, ẹrù olè ló ń run yẹn.

Ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà méjì ló ń jẹ́, bíi 200 àti 57. Ti àkọ́kọ́ ni gígùn láti ihò dé ihò ní mìlímítà, ìkejì ni ibi tó lè sún kì dé. Ti férémù kan kì í sábà bá òmíràn mu. Bí Mallam bá ní "ẹ máa rí i rà l'Ékòó", ẹ dúnàá-dúrà bí ẹni tí kò ní rí i rà láéláé. Èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ sì ní páǹpù kékeré tiẹ̀. Ẹ̀rọ fọganáísà ò ṣe é.

Ohun kan tún wà tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó ti sá kúrò nídìí táyà 26, wọ́n ti bọ́ sí 27.5 àti 29, férémù 26 tó dáa gan-an wá di ohun tí wọ́n ń tà ní pọ̀ọ́kú. Táyà 26 yẹn náà ló kún ọjà wa! Kí lẹ ń wá 29 lọ? Ẹ ṣáà gbé fọ́ọ̀kì àti táyà yín dání, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ á bínú sí èyí tó kàn: tí owó bá kéré, ẹ jẹ́ kó jẹ́ oníṣọ́ọ̀kì iwájú nìkan. Férémù rere tí ẹ̀yìn ẹ̀ le sàn ju oníṣọ́ọ̀kì méjì olówó pọ́ọ́kú lọ. Àwọn mìíràn nínú ìyẹn tilẹ̀ ní àkọlé lára pé ẹ má gbé e kúrò lójú títì. Ẹni tó bá sì ní ₦150,000, kó má jẹ́ kí férémù kọjá ₦90,000. Bíárìn, bíréèkì àti akoto ló máa jẹ ìyókù.

Ọmọ tá a wí ti sàn, ó fẹ́ tún gùn. Bàbá ẹ̀ kọ̀, a bá a bẹ̀ ẹ́, ó gbà pé kí àwa fúnra wa tẹ̀ lé e lọ sọ́jà ní Sátidé tó ń bọ̀. Akísà wà, tọ́ọ̀ṣì wà. Ẹni tó bá mọ ibi tí férémù 26 gidi wà, kó jọ̀ọ́ sọ fún wa kó tó dìgbà náà.